Àga Tó Dún Lábẹ́ Bàbá Èdìdì

Ẹ jẹ́ ká ti orí àga bẹ̀rẹ̀, nítorí orí àga ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Àga ńlá ni. Igi pupa ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n gbẹ́ èékánná kìnnìún sí apá rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ á fi máa retí pé kí wọ́n wá gbé òun. Ẹni tó ni ín ni Ọ̀gá Àgbà Àjọ Aláàbò Oníbàárà, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ àjọ náà. Bí wọ́n bá ta búrẹ́dì tó ti bu fún ọ, ibẹ̀ ni wàá fẹjọ́ sùn. Bí wọ́n bá ta bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì fún ọ, ibẹ̀ náà ni. Kò sí ọlọgbọ́n tó máa ní kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ má sí láyé.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà tó bó ṣe fẹ́ràn èdìdì. Èdìdì ni bébà pupa gbọọrọ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ẹni tó bá ṣẹ̀, kó má baà rí i ṣí. Àwòrán Ọ̀gá Àgbà wà láàárín rẹ̀, ó na ìka ìfábẹ̀lá, ó ń kìlọ̀ fún ayé. Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé búrẹ́dì, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé ìfọṣọ. Nígbà kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣọ́ọ̀bù apoògùn nítorí pé ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ yán nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn ará ìlú wá sọ ọ́ ní Bàbá Èdìdì. Orúkọ náà ta sí i létí, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí ó rò pé wọ́n ń kì òun ni.

Lílẹ̀ rẹ̀ kò le. Jíjá rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọ̀gá Àgbà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlànà rẹ̀ pé ọwọ́ kan kò gbọdọ̀ já èdìdì àfi ọwọ́ tòun. Ìta ni òun á dúró sí, níwájú ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́ṣẹ̀ á kọ́kọ́ sọ lójú gbogbo ayé pé òun jẹ̀bi, lẹ́yìn náà ni òun á gbà á níyànjú. Ìyànjú yìí ni àwọn ọlọ́jà ń bẹ̀rù ju kí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì lọ. Aránṣọ kan ní oyún òun kò tíì hàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀, òun sì ti ń fún ọmọ lọ́mú nígbà tó parí. Ọ̀rọ̀ náà kò lè jóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó já a nírọ́.

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lórúkọ àjọ náà. Ẹnu Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Òun ló dá ètò áńkáṣíìfù sílẹ̀. Bí Ọ̀gá Àgbà bá ń sọ̀rọ̀, tó bá fi áńkáṣíìfù funfun kan iwájú orí, kí gbogbo òṣìṣẹ́ fò dìde, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n sì ké pé, "Ọ̀rọ̀ ńlá!" Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò rẹ̀. Oníbàárà tó bá gbé ẹjọ́ wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé á jókòó síta títí àtẹ́wọ́ wọn á fi dún dáadáa. Òṣìṣẹ́ tó bá sì pẹ́ dìde, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá àwọn fáìlì àtijọ́, níbi tí eku ti ń bá ènìyàn pín oúnjẹ ọ̀sán.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé wọ́n lẹ èdìdì mọ́ ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan láì mọ̀ pé oníbàárà ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ti di apá kan orí rẹ̀, apá kejì ṣì dúró gàgà-gàgà. Obìnrin náà ń lu ilẹ̀kùn, ó ń ké pé ọmọ òun ń dúró de òun níléèwé. Àánú ṣe òṣìṣẹ́ kan, ó já bébà, ó ní kí ó máa lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lé òṣìṣẹ́ náà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá Àgbà wá kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Ẹ ṣí etí yín!" ni ó wí. "Èmi tí ẹ ń wò yìí, bí mo bá sùn, oníbàárà sùn. Bí mo bá jí, oníbàárà jí. Bí mo bá sín, kí ọjà gbọ̀n! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ilé tí a fi èdìdì dì, kò láṣẹ, kò lóhùn, kò lórúkọ! Bó bá ké, ẹ di etí. Bó bá bẹ̀bẹ̀, ẹ kẹ̀yìn. Ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ aṣòfin, ì báà jẹ́ ìyá tó bí mi lọ́mọ!" Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn lẹ́nu òun, ó sì fi ọ̀kan lé e: "Ì báà jẹ́ èmi fúnra mi!"

Ó fi áńkáṣíìfù kan iwájú orí.

"Ọ̀rọ̀ ńlá!"

Olórí Afèdìdì, ọkùnrin gíga tí ó ń ṣáájú àwọn tó ń lẹ bébà kiri ìlú, kò kàn pàtẹ́wọ́ lásán. Ó gba ọ̀rọ̀ náà sórí. Ó ní ọmọ márùn-ún nílé, kò sì fẹ́ kí wọ́n lé òun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí àga.

Ìyàwó Ọ̀gá Àgbà ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Káfíńtà ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí ayùn rẹ̀. Òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ àga náà fún. Nígbà tó gbé e dé, Ọ̀gá Àgbà pe àwọn ènìyàn pàtàkì jọ sí pálọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kí wọ́n wá wo bí òun ṣe máa jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni o, ohun tí wọ́n pè wọ́n wá wò nìyẹn. Ó gbá agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, gbogbo pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, àga náà sì dún gbọọrọ lábẹ́ rẹ̀: pùùù-ẹ̀ẹ̀ẹ́!

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohùn igi ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ohùn igi ni. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò kò mọ̀. Ọ̀kan gbé ojú sókè, ó ń wo àjà. Ọ̀kan ṣàdédé rántí láti béèrè bóyá òjò máa rọ̀. Ìyàwó mánéjà báǹkì kan dìde, ó lọ ṣí fèrèsé. Ọ̀gá Àgbà yí ìdí padà láti fi hàn wọ́n pé àga ni, àga náà sì kọ̀, kò dún mọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Káfíńtà sáré wá bẹ ọ̀ràn náà wò. Kò mú òòlù wá, kò mú ìṣó wá. Àbẹ́là kúkúrú kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ kú àárọ̀ sà. Àǹtí mi ti sọ fún mi. Àga yẹn, ohun tó kàn ń ṣe é ni pé..."

"Dákẹ́!" ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Ìwọ lo fẹ́ sọ ohun tó ṣe àga fún mi? Èmi tí mo mọ ẹ̀tọ́ oníbàárà láti inú ìyá mi wá? Àbẹ́là wo lò ń gbé wá síbí? Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé a kò ní iná nílé yìí ni?"

"Rárá sà, àbẹ́là yẹn ló máa..."

"Mo ní kí o dákẹ́! Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́!"

Ó sọ̀rọ̀. Káfíńtà la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á, ó tún pa á dé. Nígbà tó fi máa padà sí ilé iṣẹ́ rẹ̀, bébà pupa ti wà lójú ilẹ̀kùn, àna rẹ̀ sì ń na ìka sí i láti inú àwòrán. Wọ́n ti gbé àga náà sínú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó dì í, wọ́n ní ẹ̀rí ni. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ayùn, òòlù, ẹ̀mú, àti àwọn bẹ́ǹṣì tí iléèwé kan ní kó ṣe fún àwọn ọmọ wọn. Gbogbo ohun tí ọkùnrin náà fi ń jẹun pátá ló wà lẹ́yìn bébà yẹn.

Ìyàwó Ọ̀gá Àgbà kò gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó tó sọ tẹnu rẹ̀. "Bàbá wọn, àna yín ni o. Ilé wa lẹ ti wá fẹ́ mi. Bí àga bá dún, ẹ ní kó tún un ṣe. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Ìyá wọn, òfin kì í wo ojú," ni ó wí. Gbólóhùn náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó tún un sọ níwájú dígí.

"Kó wá sọ pé òun jẹ̀bi lójú ayé, màá já a," ni ó fi kún un.

Ṣùgbọ́n Káfíńtà kọ̀. Ó ní òun lè dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n òun nígbàkigbà, ṣùgbọ́n òun kò ní dúró láàárín ìgboro kí òun máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun kò dá. Òjò bẹ̀rẹ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà ń jò, kò sì sẹ́ni tó lè wọlé lọ gbé igbá sábẹ́ rẹ̀. Iléèwé gbé iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn. Káfíńtà ronú ẹni tí òun lè fẹjọ́ sùn, ó rí i pé Àjọ Aláàbò Oníbàárà ni wọ́n ń fẹjọ́ sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un lọ́wọ́, tó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣòfin.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ọ̀gá Àgbà gbé àbádòfin kan lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó fẹ́ kí wọ́n sọ ìlànà òun di òfin ìlú. Kí àjọ náà lè lẹ èdìdì mọ́ ibikíbi tó bá wù ú, kí kóòtù kankan má lè ní kí wọ́n já a, kí ẹnikẹ́ni tó bá sì já a fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó. Ó fi ìlà pupa sábẹ́ "bó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó." Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, títí ayé ni kò sí ẹni tó máa bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ìgbìmọ̀ kan wà láàárín àwọn aṣòfin tó ń bójú tó iṣẹ́ àjọ náà. Alága wọn jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń bọ́ dígí ojú rẹ̀, á nù ún, kó tó bi ènìyàn ní ìbéèrè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í bẹ̀rù ohùn rẹ̀. Dígí yẹn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ó ní kí àwọn tó fún ọkùnrin yìí ní àṣẹ tuntun, àwọn fẹ́ wá wo ohun tó ń fi ti àtijọ́ ṣe. Àwọn máa wá sí ilé iṣẹ́ rẹ̀, àwọn sì ti ní kí káfíńtà kan pàdé àwọn níbẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà yọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Ẹnu Ọ̀gá ló mú àbá wá. "Ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú rí agbára yín. Tí wọ́n bá ti jókòó tán sínú gbọ̀ngàn, ẹ̀yin ẹ jáde, kí àwọn ọmọ wa lẹ èdìdì mọ́ ilẹ̀kùn lójijì! Kí àyà gbogbo wọn já! Ẹ̀yin ẹ wá dúró síta, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín já a, kí ẹ yọ wọ́n. Wọ́n á rí yín bí olùgbàlà."

"Olùgbàlà," ni Ọ̀gá Àgbà wí, ó sì di ojú. Ó pe Olórí Afèdìdì, ó ní, "Tí o bá ti gbọ́ tí mo ní 'Òfin kì í wo ojú', lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹnu ọ̀nà ni màá ti sọ ọ́, bí mo bá ti ń jáde."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn aṣòfin wà níwájú, àwọn oníròyìn tò sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú kámẹ́rà wọn, àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn, wọ́n ti ra ọwọ́ wọn gbóná. Àwọn afèdìdì kò jẹ́ kí Káfíńtà wọlé, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá lọ dúró síta lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń gba àárín irin wo inú ilé. Irin fèrèsé náà nípọn, nítorí Ọ̀gá Àgbà gbà gbọ́ pé àwọn ọlọ́jà fẹ́ jí òun gbé.

Ó bọ́ sídìí máìkì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí kámẹ́rà ń ṣe fún irú ènìyàn báyìí. Ó yẹ kó kí wọn kó sì jáde, ṣùgbọ́n ó kí wọn, ó tún wọn kí. Ó sọ ìtàn ìbí rẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù kan iwájú orí, wọ́n ké "Ọ̀rọ̀ ńlá!", adùn rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lára. Ó ti gbàgbé ilẹ̀kùn, ó ti gbàgbé ìta. Ó na ìka sókè gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú àwòrán, ó sì fi gbogbo agbára ké sínú máìkì pé: "Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ gbọ́ mi! ÒFIN KÌ Í WO OJÚ!"

Ilẹ̀kùn dún gbàà. Wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ bébà mọ́ ọn láti ìta, fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀.

Bí ọ̀ràn bá fẹ́ bá ènìyàn, iná mànàmáná náà á lọ. Ó lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù kú. Ooru bo gbọ̀ngàn.

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ síbi fèrèsé. "Ó ti tó, Olórí. Wọ́n ti rí i. Já a."

Olórí Afèdìdì dé ìwájú fèrèsé, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ọ̀gá mi, n kò lè já a, sà. Ọwọ́ tiyín nìkan ló ń já a."

"Èmi ni mo ń sọ fún ọ!"

"Mo mọ̀ sà. Ìta ló yẹ kí ẹ dúró sí."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ dé ìta?"

Olórí ronú. Òógùn bo òun náà. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ẹni tó bá wà nínú ilé tí a fi èdìdì dì, kò láṣẹ, kò lóhùn, kò lórúkọ. Ẹ ní ì báà jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ sí i." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo lọ́mọ. Ẹni tó já ti onídìrí yẹn, ẹ rántí ohun tí ẹ fi ojú rẹ̀ rí."

Ọ̀gá Àgbà yíjú padà. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Aṣòfin kan ti mú fóònù láti pe ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n Alága gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ìbẹ̀wò la bá wá. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀ ẹ́ wò." Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. "Ọ̀gá Àgbà, níwọ̀n ìgbà tí a kò rí ibì kan lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Ta ló fi ẹjọ́ káfíńtà yẹn sùn?"

"Oníbàárà kan ni, Olóyè Alága."

"Oníbàárà wo?"

"Ẹni tó ra àga."

"Ta ló ra àga?"

Òógùn ti ń wọ̀ ọ́ lójú. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu iwájú orí. "Èmi ni."

Àwọn òṣìṣẹ́ fò dìde. "Ọ̀rọ̀ ńlá!" Àtẹ́wọ́ gba ilé kan.

Alága dúró kí wọ́n jókòó. "Ta ló wádìí ẹjọ́ náà?"

"Ọ́fíìsì mi... ìyẹn ni pé, èmi ni mo jókòó sórí àga náà, mo sì gbọ́ ọ." Ó nu ojú.

"Ọ̀rọ̀ ńlá!"

"Ẹ jókòó!" ni ó jágbe mọ́ wọn. Wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lára áńkáṣíìfù náà, nítorí yàrá eku kò jìnnà.

"Ta ló wá dájọ́ pé káfíńtà jẹ̀bi?"

"Èmi náà ni."

"Ta ló lè ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?"

"Èmi."

"Bí a bá wá rẹ́ ọkùnrin náà jẹ, ọ̀dọ̀ ta ni yóò fẹjọ́ sùn?"

Ọ̀gá Àgbà wo òkè, ó wo ilẹ̀. Omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó gbìyànjú kí ó má nù ún, ó di irin fèrèsé mú, ó pa eyín pọ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ lójú tán, tí ojú ń ta á, ó gbé áńkáṣíìfù. Àtẹ́wọ́ tó tẹ̀lé e pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn oníròyìn pàápàá bá wọn pa á, ṣùgbọ́n àwọn ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu Ọ̀gá nìkan ni kò ké mọ́. Ó ti yọ́ kúrò ní ìjókòó rẹ̀ lọ sẹ́yìn Alága, ó ń fi fáìlì fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Àgbà aṣòfin kan wà níwájú tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. "Ẹ dákun," ni ó wí, "àgbàlagbà ni mí, mo sì ti mu omi. Bí wọn kò bá ṣí ilẹ̀kùn yìí, ohun tí n kò fẹ́ kí kámẹ́rà rí máa ṣẹlẹ̀."

Ni Káfíńtà bá gba ẹnu fèrèsé sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi, ó ṣeé ṣe láì já bébà o! Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni bébà wà. Ẹ̀gbẹ́ kejì, irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí wà níta níbí. Mo lè yọ ọ́, kí n gbé ilẹ̀kùn kúrò tòun ti èdìdì lára rẹ̀."

"Àna mi!" ni Ọ̀gá Àgbà ké. Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àga ti dún. "Àna mi àtàtà! Yọ ọ́! Yọ ọ́ kíá!"

"Kò burú, Bùrọ̀dá. Òòlù àti ẹ̀mú nìkan ni mo nílò."

"Lọ mú un!"

"Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, sà."

Èmi tí mo ń sọ ìtàn yìí, mo fẹ́ kí ẹ fọkàn yàwòrán ọ̀ràn yẹn. Òòlù wà lẹ́yìn èdìdì; ọwọ́ kan ṣoṣo ló lè já èdìdì; ọwọ́ náà wà lẹ́yìn èdìdì mìíràn, ó di áńkáṣíìfù tútù mú. Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti àárín irin. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn mi orí, ojú ń tì í nítorí rẹ̀, èyí sì dun ọkùnrin náà ju gbogbo ẹ̀rín àwọn oníròyìn lọ.

Àgbà aṣòfin kérora.

Ọ̀gá Àgbà ká apá agbádá rẹ̀. Ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó sì mọ ohun tó máa gbà lọ́wọ́ òun. Ó padà lọ sídìí máìkì, ó ti ibẹ̀ sáré, ó fi èjìká lu ilẹ̀kùn, bébà náà ya fàà láti orí àwòrán dé ìka, òun àti ilẹ̀kùn sì jọ jáde. Àgbà aṣòfin gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì kí ẹnikẹ́ni.

Olórí Afèdìdì ràn án lọ́wọ́ láti dìde. Ó gbọn ekuru ara rẹ̀ nù, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú sà. Ẹni tó bá já a... bó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó. Òfin kì í wo ojú."

Alága jáde sínú atẹ́gùn pẹ̀lú àbádòfin náà lọ́wọ́, ó ń wo ibi tí ìlà pupa wà. Ó ní nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, gbólóhùn yẹn nìkan ló ní làákàyè díẹ̀ nínú. Ilé ìgbìmọ̀ da ìyókù nù. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹjọ́ sùn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa dá a, àti pé kóòtù ni yóò máa pàṣẹ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá òṣìṣẹ́ tó yọ oníbàárà onídìrí padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá Àgbà di ọ̀gá àná. Ẹnu Ọ̀gá sì di ẹnu ọ̀gá tuntun kó tó di ọjọ́ Ajé, nítorí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kì í gbé láìníṣẹ́.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí ọkùnrin náà ṣe kó tó lọ jókòó sílé, kí ó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ já èyí tó lẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù àna rẹ̀.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ. Kò sí oníròyìn, kò sí òṣìṣẹ́. Káfíńtà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ọkùnrin náà dúró níwájú bébà. Òjò ti fọ àwòrán rẹ̀, ìka nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó wúkọ́. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi kan iwájú orí, ó sì dúró. Ewúrẹ́ kan kọjá.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ já a."

Ó já a.

Òórùn igi jíjẹrà ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Omi ti ba pákó jẹ́, àwọn bẹ́ǹṣì iléèwé ti wú, ayùn ti dípẹtà. Ọkùnrin náà fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì kan, ó ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú tì í. Ojú tì í débi pé kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Àga náà wà ní igun, kò sí ohun tó ṣe é. Káfíńtà dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú àbẹ́là kúkúrú yẹn jáde, ó fi ra ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ìjókòó, ó sì gbé e nàró.

"Ẹ jókòó, Bùrọ̀dá."

Ó rọra jókòó, pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó fi gbogbo ara rọ̀gbọ̀kú. Àga náà kò sọ nǹkan kan.

"Ṣé ohun tó ń ṣe é náà nìyẹn?"

"Òun náà ni, sà."

"Kí ló wá dé tí o kò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

Káfíńtà da àbẹ́là padà sápò.

"Mo fẹ́ sọ ọ́, Bùrọ̀dá," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."